Ṣíìtì Yín Lè Ṣe Iṣẹ́ Dátábéèsì, Àmọ́ Ẹ Ṣọ́ Òpó Owó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Google Sheets lẹ̀ ń wò yìí. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ adìyẹ kan n'Ìbàdàn la fi ṣe àpẹẹrẹ: òpó A ni ọjọ́, B ni oníbàárà, C ni ẹ̀ka, D ni iye àpò, E ni owó. Ọ̀gá fẹ́ mọ iye tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pa wọlé. Ẹ gbé kálékùléètọ̀ sílẹ̀ jàre.

Ẹ ṣí ojú-ewé mìíràn nínú fáìlì kan náà, kí ẹ tẹ èyí síbẹ̀:

=QUERY(Tita!A1:E, "select C, sum(E) where C is not null group by C", 1)

Tita lorúkọ ojú-ewé tí ọjà wà. "Group by C" ló ń kó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jọ, "where C is not null" ló ń yọ ìlà òfìfo kúrò, 1 tó gbẹ̀yìn sì ń sọ fún un pé àkọlé ni ìlà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti fojú kan SQL, èdè tí wọ́n fi ń bi dátábéèsì ní ìbéèrè, rí á dá a mọ̀, àfi pé kò sí FROM níbẹ̀, torí ẹ ti júwe ibi tí àkọsílẹ̀ wà kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun. Kò sí JOIN tó ń so tábìlì méjì pọ̀ náà.

Ó yá, ẹ wo ẹ̀ka Bódìjà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tajà: 15000, 22000, 15k, 8000. Gbogbo wa mọ̀ pé 60,000 náírà nìyẹn. QUERY ní 45,000! Kò kígbe, kò fi àmì kankan hàn, ó kàn gbé iye tí kò pé fún ọ̀gá. Irú kan ṣoṣo ló ń fún òpó kọ̀ọ̀kan: bí nọ́ńbà bá pọ̀ jù níbẹ̀, ohun tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ á di òfo. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni 15k. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá wá pọ̀ ju nọ́ńbà lọ ló tó máa fi igbe ta pé òun ò lè ro ó pọ̀. Igbe yẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ.

Òpó C náà ní tiẹ̀. "Bodija" àti "Bódìjà", ẹ̀ka méjì ni. Akọ̀wé tó bá sì kọ "Àpapọ̀" síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ ti dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ nìyẹn, ẹ̀ka tó ń pawó ju gbogbo wọn lọ.

Ẹ má rò pé ṣọ́ọ̀bù kéékèèké nìkan ni irú èyí ń ṣe. Lọ́dún 2020, Public Health England, àjọ tó ń rí sí ìlera ará ìlú ní England, ń fi Excel kó èsì àyẹ̀wò Kòrónà jọ. Fáìlì .xls àtijọ́ kì í gbà ju ìlà 65,536 lọ, ìyókù sì já dànù. Báyìí ni àwọn 15,841 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà kò ṣe wọ inú iye tí wọ́n ń kéde lójoojúmọ́, tí àwọn tó ti bá wọn pàdé kò sì tètè gbọ́. Fáìlì .xlsx ì bá gba ìlà 1,048,576.

Nítorí náà, ẹ lọ sí Data, ẹ yan Data validation. Ẹ to orúkọ ẹ̀ka sí C kí akọ̀wé máa mú níbẹ̀, kó má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí E gba ohun tí kì í bá ṣe nọ́ńbà. Èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ wá àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjábọ̀ yín, ẹ tẹ =COUNTA(Tita!E2:E)-COUNT(Tita!E2:E). COUNTA ń ka gbogbo àyè tí nǹkan wà, COUNT ń ka nọ́ńbà nìkan. Bó bá gbé 0 jáde, ẹ fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Bó bá gbé 3 jáde, owó mẹ́ta wà níbẹ̀ tí QUERY kò kà.