Pásíwọ́ọ̀dù Ọ̀gá Wà Lọ́wọ́ Akọ̀wé: Kí Ló Ń Mú Òṣìṣẹ́ Pa Òfin Ààbò Mọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwa Yorùbá tá à ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àbújá sọ nìyí, mo kàn tún un tò díẹ̀ kó lè yé ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin bọ̀dá wa, ẹ̀yin àǹtí wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti inú gosiló Nyanya já wá síbí, ẹ kú ìfaradà. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ tẹ̀lé òfin ààbò dátà níbi iṣẹ́, ìyẹn ìsọfúnni àwọn èèyàn tó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí n máa ka òfin yẹn fún yín báyìí, oorun ló máa gbé wa lọ. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Má fún ẹnikẹ́ni ní pásíwọ́ọ̀dù ẹ. Má tẹ líǹkì tó ò mọ ibi tó ti wá. Má ki fláàṣì tó o rí he bọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Tó o bá fẹ́ dìde lórí àga, lọ́ọ̀kù kọ̀ǹpútà ẹ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a ò kàn ń ṣe é ni.

Àwọn ọ̀gá gbà pé ìbẹ̀rù ni oògùn ẹ̀. Wọ́n á kọ mẹ́mò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, pé ẹni tó bá rú òfin á gba query, tó bá tún un ṣe á lọ jókòó sílé. Gbogbo èèyàn á ṣe jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó tán. Ọ̀gbẹ́ni Rogers kan wà ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ ìhùwàsí èèyàn ni, ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbani yìí ní 1975, ọ̀rọ̀ ìlera ló tiẹ̀ jẹ ẹ́ lógún nígbà yẹn kí àwọn mìíì tó wá gbé e wọ inú ọ́fíìsì. Ohun tó sọ ni pé tí wọ́n bá ti dẹ́rù ba èèyàn tán, á bi ara ẹ̀ pé ṣé nǹkan ọ̀hún burú tó bẹ́ẹ̀, ṣé ó lè ṣẹlẹ̀ sí mi, ṣé ohun tí wọ́n ní kí n ṣe yìí tiẹ̀ lè gbà mí. Ní 1983 ó tún fi ọ̀kan kún un, ṣé èmi fúnra mi lè ṣe é. Ibi tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù, torí ẹni tẹ́ ẹ bá dẹ́rù bà tí kò sì mọ bó ṣe máa dáàbò bo ara ẹ̀, kò ní ṣe nǹkan kan, á kàn ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kò ní ṣẹlẹ̀ sí mi," á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ ti gbọ́ àdúrà yẹn rí ní ọ́fíìsì yín, àbí?

Èyí tó tún wá le ni àwáwí. Sykes àti Matza, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1957, àwọn ọ̀dọ́ tó ń hùwà ọ̀daràn ni wọ́n ń sọ, pé àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe aláìmọ òfin, wọ́n kàn máa ń wá ọ̀rọ̀ tó máa jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Mikko Siponen àti Anthony Vance, àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ààbò kọ̀ǹpútà, wá gbé e lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní 2010, wọ́n rí i pé àwáwí gan-an ló ń fi ẹni tó máa rú òfin ààbò hàn, pé tí wọ́n bá ti ka àwáwí mọ́ ọn, ìjìyà tí ilé iṣẹ́ fi ń halẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ tiwa. "Ọ̀gá ló ní kí n ṣe é." "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ta ló máa pa lára?" "Àwọn ará I.T. gan-an ń ṣe é." "Tí mi ò bá fi ránṣẹ́ báyìí iṣẹ́ á dúró." Àgbà gbogbo wọn sì nìyí, iṣẹ́ ìjọba, a kì í làágùn ṣe é. Ẹni tó bá ti gbà pé kì í ṣe nǹkan bàbá òun, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó máa ṣọ́ dátà inú ẹ̀? Ẹ sọ fún un pé nọ́ńbà NIN tó wà nínú fáìlì yẹn, ti ìyá àgbà kan ní Lokoja ni, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ náà lè wà níbẹ̀. Èmi rò pé ìyẹn máa ń wọni lára ju query lọ.

Àmọ́ "ọ̀gá ló ní kí n ṣe é" yẹn kì í ṣe irọ́ nígbà púpọ̀ o. Àwa la kọ́ ọmọ wa pé kò gbọdọ̀ já àgbà lẹ́nu. Alhaji kan wọ agbádá ńlá, ó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ, ìwọ lo fi káàdì ẹ ṣílẹ̀kùn, ṣé wàá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú kó lè fi káàdì tiẹ̀ ṣí i? Sẹkiúrítì ẹnu géètì ní kí ọ̀gá kan mú ID káàdì wá, ọ̀gá fìbínú wò ó, "o ò mọ̀ mí ni?", ọmọ yẹn ló padà bẹ̀bẹ̀. Àwọn onígbàjúẹ̀ mọ ibi tó ti ń dùn wá, wọn ò ní wulẹ̀ fọ́ kọ̀ǹpútà kankan, wọ́n á kàn pe fóònù pé ọ̀gá àgbà wà ní mítíǹgì, ó fẹ́ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti BVN wọn kíákíá. Ní Àbújá yìí, tẹ́nì kan bá ti ní Villa ló ní ká fi ránṣẹ́, ta ló fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?

Torí náà, ohun tó ń mú ọmọ iṣẹ́ tẹ̀lé òfin jù lọ, lójú tèmi o, ni kó rí ọ̀gá ẹ̀ tó ń tẹ̀lé e. Kí ọ̀gá mú káàdì jáde lẹ́nu géètì kí wọ́n tó béèrè. Kí ọ̀gá má fi pásíwọ́ọ̀dù sọ́wọ́ akọ̀wé pé kó máa bá òun dáhùn íméèlì. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ dúdú lórí funfun pé ẹni tó bá ní òun ń pè láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ẹ gé fóònù, ẹ pe nọ́ńbà ọ̀gá tẹ́ ẹ ti mọ̀ padà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bú ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan tó kù ni ìnira. Láti 1999 ni Anne Adams àti Angela Sasse, àwọn olùṣèwádìí, ti sọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù pé òṣìṣẹ́ kọ́ ni ọ̀tá, òfin tí kò bá iṣẹ́ wọn mu ló ń jẹ́ kí wọ́n fò ó kọjá. Ní 2008 Sasse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tún fi yé wa pé agbára téèyàn fẹ́ ná sórí ọ̀rọ̀ ààbò ní ìwọ̀n, bí owó ọkọ̀ tó wà lápò ẹ ni, tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ kó ná an tán láàárọ̀ sórí nǹkan tí kò pọn dandan, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn nírọ̀lẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kí wọ́n máa ní ká pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí là ń ṣe? Abuja2024! á di Abuja2025!, ó parí. Bill Burr tó kọ ìtọ́sọ́nà lórí pásíwọ́ọ̀dù ní 2003 fún NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal ní 2017 pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tóun kọ, ọdún yẹn náà ni NIST ní kí wọ́n yéé fipá mú èèyàn pààrọ̀ ẹ̀ àfi tó bá hàn pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì níbí ṣì ń ṣe é.

Tí íméèlì ọ́fíìsì kì í bá gbé fáìlì ńlá, tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò ní epo, tí ọ̀gá ń pariwo pé òun fẹ́ rí i kó tó di aago méjì, òṣìṣẹ́ máa lo Gmail ara ẹ̀, á fi WhatsApp ránṣẹ́, tàbí kó gbé e sínú fláàṣì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Area 1, fáìlì á wá sùn sórí kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni. Query kọ́ ló máa wo èyí sàn, ẹ wá ọ̀nà tó yá ju WhatsApp lọ fún un ni.

Wọ́n bi mí pé ṣé kí wọ́n má fìyà jẹ ẹnikẹ́ni mọ́ ni. Rárá o. Ẹni tó bá ń ta dátà kọ́sítọ́mà, ọlọ́pàá ló yẹ kó bá a sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹni tó ṣèèṣì tẹ líǹkì tó sì sáré wá sọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, torí òfin dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, létí tó bá ti mọ̀ pé dátà tó lè kó àwọn tó ni ín sí wàhálà ti jò. Tí ẹ̀rù query bá jẹ́ kí ọmọ yẹn dákẹ́, ta ló máa sọ fún yín?

Àǹtí kan wá béèrè nípa àwọn tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n ṣì ń wọlé sórí íméèlì ọ́fíìsì. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ti sọ ọ́, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o, ọjọ́ téèyàn bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ló yẹ kó dá gbogbo kóòdù àti ọ̀nà ìwọlé ẹ̀ padà. Ẹ lọ wo fọ́ọ̀mù tí HR yín ń fún ẹni tó ń lọ, ẹ máa rí ID káàdì níbẹ̀, laptop, kọ́kọ́rọ́, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ ní kí wọ́n fi ìlà kan kún un fún ará I.T. láti fọwọ́ sí pé òun ti pa àkáǹtì onítọ̀hún rẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an.