Bí Wọ́n Ṣe Wọn Ohun Tí Kì Í Dúró De Òṣùwọ̀n

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níjòókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ lítíọ́ọ̀mù 11 ni mo gbé wá, àti bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n ní ilé ìwádìí TRIUMF ní Vancouver, lórílẹ̀-èdè Kánádà, lọ́dún 2008.

Púrótọ́ọ̀nù àti níútírọ́ọ̀nù ni àwọn ohun tín-ń-tín tó wà nínú kóró, ìyẹn àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù. Lítíọ́ọ̀mù inú bátìrì fóònù wa ní púrótọ́ọ̀nù 3, ó sì ní níútírọ́ọ̀nù 3 tàbí 4. Níútírọ́ọ̀nù ti lítíọ́ọ̀mù 11 jẹ́ 8. Ẹrù yẹn pọ̀ jù fún un, kì í pẹ́ láyé. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún: kí 9 nínú rẹ̀ tó pé, ìdajì èyí tẹ́ ẹ kó jọ ti di nǹkan mìíràn. Ojú ò tíì ṣẹ́ tán tí wọ́n fi lọ.

Kí wá ni wíwọ̀n rẹ̀ fẹ́ ṣe fún wa? Ẹni tó da èlùbọ́ kóńgò mẹ́rin sínú àpò kan, ìwọ̀n kóńgò mẹ́rin náà ló máa bá níbẹ̀. Kóró inú átọ́ọ̀mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí hídírójìn 4 bá para pọ̀ di hílíọ́ọ̀mù 1, ìwọ̀n rẹ̀ á fi nǹkan bíi 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí tiwọn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Francis Aston, ló fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọn àwọn átọ́ọ̀mù yìí ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1920. Ohun tó dín yẹn ò sọnù, agbára ló dà, òun sì ni oòrùn fi ń ràn. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ìwọ̀n kóró kan dájú ti mọ bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣe dì mọ́ra tó.

Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní pàkúté Penning ni wọ́n fi mú lítíọ́ọ̀mù 11. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà, Hans Dehmelt, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1989 nítorí irú pàkúté báyìí. Wọ́n á yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lára átọ́ọ̀mù náà kí iná mànàmáná lè máa darí rẹ̀, wọ́n á sì jù ú sáàárín òòfà ńlá, níbi tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò. Òòfà ò jẹ́ kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná mànàmáná tó wà ní orí àti ìdí pàkúté náà ò jẹ́ kó gba ibẹ̀ yọ. Kò fara kan ògiri kankan. Ó kàn ń yí po ni.

Yíyí yẹn ni òṣùwọ̀n. Ẹni tó ti fi kànnàkànnà ju òkúta rí mọ̀ pé, bí agbára ọwọ́ bá jẹ́ ọ̀kan náà, òkúta ńlá kì í yí kíákíá bíi kékeré. Nínú òòfà TITAN, ìyẹn ẹ̀rọ TRIUMF tó ní pàkúté yìí, tí agbára òòfà rẹ̀ jẹ́ 3.7 tesla, lítíọ́ọ̀mù 11 ń yí ju mílíọ̀nù 5 ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á? Ẹ rántí jangirọ́fà: ẹni tó ń tì í gbọ́dọ̀ bá a lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní fò sókè. Ìgbì rédíò ni wọ́n fi ń ti kóró yìí, wọ́n sì ń yí bí ìgbì náà ṣe ń yára padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí títì bá bá yíyí mu, agbára kóró náà á pọ̀ sí i. Tí wọ́n bá sì ṣílẹ̀kùn fún un, yóò tètè dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń retí rẹ̀. Títì tó mú kó yá jù ló ń sọ iye ìgbà tó ń yí. Wọ́n á tún fi lítíọ́ọ̀mù tí kì í bàjẹ́ sínú pàkúté kan náà, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra.

Méjì nínú níútírọ́ọ̀nù lítíọ́ọ̀mù 11 jìnnà sí àwọn yòókù débi pé ó fẹ́ tóbi tó kóró òjé, tí púrótọ́ọ̀nù àti níútírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ jẹ́ 208. Ààrò mẹ́ta ni wọ́n: lítíọ́ọ̀mù 9 àti níútírọ́ọ̀nù méjì. Ẹ yọ ọ̀kan, méjì tó kù á tú ká. Nǹkan bí 300 keV (òṣùwọ̀n agbára tín-ń-tín ni keV) ni wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀ sí agbára tó so níútírọ́ọ̀nù méjèèjì mọ́ ọn. TITAN rí i pé 369 ni. Àwọn tó ń fi iná lésà wọn bí kóró náà ṣe tóbi tó ò lè ṣírò láìmọ ìwọ̀n rẹ̀, iye tuntun yìí ni wọ́n sì fi tún ìṣirò náà ṣe.