Kí Lẹ Bára Yín Sọ Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́? Òfin Àdéhùn Nínú Iṣẹ́ Ìrìnàjò Afẹ́

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn onílé ìtura, awakọ̀ àti afinimọ̀nà ní Ilé-Ifẹ̀. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin onílé ìtura, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tí ẹ máa ń mú àlejò lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ òfin ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé inú ìwé nìkan ni mo ti ń sọ̀rọ̀.

Lọ́dún kan, àwọn àna mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wo Ọlọ́jọ́. Mo mọ̀ pé tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, yàrá a máa wọ́n ní Ifẹ̀ bí omi inú ẹ̀ẹ̀rùn, ni mo bá tètè pe ilé ìtura kan. Wọ́n dá iye fún mi, mo fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì wọn, àwọn náà fi rìsíìtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp: orúkọ mi, yàrá méjì, òru mẹ́ta. A dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago méje alẹ́, pẹ̀lú ẹrù, pẹ̀lú màmá àgbà kan tí orúnkún ń dùn. Ọmọ tó wà ní káńtà kò wojú mi. Bírò ọwọ́ rẹ̀ ló ń yí. "Dádì, ẹ má bínú. Àwọn kan ti wọlé síbẹ̀ láàárọ̀." Àṣé ẹni tó wọlé láàárọ̀ san jù mí lọ. Wọ́n ní àwọn á dá owó mi padà lọ́jọ́ Ajé.

Ọ̀pọ̀ onílé ìtura gbà pé tí àwọn bá ti dá owó padà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò bùṣe o. Ohun tí òfin ń béèrè ni pé, ká ní wọ́n mú àdéhùn ṣẹ, níbo ni oníbàárà ì bá wà? Tí mo bá lọ gba yàrá tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, iye tó fi lé wà lọ́rùn wọn. Owó takisí tí a fi ń wá yàrá kiri wà lọ́rùn wọn. Èmi náà ò pẹjọ́ ṣá. Ọkùnrin tí àna rẹ̀ jókòó sórí báàgì létí títì kì í rántí òfin.

Kí ló mú iṣẹ́ yín yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ta tòmátì? Ẹni tó fẹ́ ra tòmátì á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á yí i wò, èyí tó bá ti rọ̀ á fi í sílẹ̀. Ta ló lè fọwọ́ tẹ yàrá tí òun máa sùn sí nínú oṣù tó ń bọ̀? Owó ń lọ lónìí, ọjà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni oníbàárà rà. Ẹyin sì lohùn. Nítorí náà, tí ìjà bá dé, kì í ṣe bí ìwé ṣe nípọn tó ni adájọ́ máa kọ́kọ́ wò. Ohun tí ẹ bára yín sọ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà ni.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ Jarvis. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni, òṣìṣẹ́ tí ìsinmi rẹ̀ lọ́dún kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Fún ìsinmi Kérésìmesì ọdún 1969, ó san pọ́n-ùn 63 àti díẹ̀ fún Swans Tours kí wọ́n fi òun sọ́dọ̀ onílé ìtura kan lórí òkè yìnyín ní Switzerland fún ọjọ́ 15. Ìwé ìpolówó wọn ní àwọn àlejò á jọ máa ṣe fàájì bí ará ilé kan náà, kéèkì á wà fún tíì ọ̀sán, akọrin àwọn ará orí òkè á wá fi ọ̀nà ọ̀fun dárà. Lọ́sẹ̀ kìíní, àlejò 13 ló wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ku Jarvis nìkan, onílé náà kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kéèkì di ọ̀dùnkún díndín pélébé àti nǹkan gbígbẹ kan báyìí. Akọrin tó wá, ọkùnrin àdúgbò ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sáré kọ orin mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí ìgbà tí ẹ polówó onílù bàtá fún àlejò, tó wá jẹ́ pé mẹkáníìkì kan ló fi ọwọ́ epo gbé ìlù wọlé, tó lù ú lẹ́ẹ̀mejì, tó ní òun fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Adájọ́ àkọ́kọ́ fún Jarvis ní ìdajì owó rẹ̀, pọ́n-ùn 31 àti díẹ̀. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọdún 1972, Lord Denning àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ owó gbà-má-bìínú náà di pọ́n-ùn 125. Ẹ ṣírò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó san! Ìgbádùn ni wọ́n tà fún un, ìjákulẹ̀ ló rí gbà, ìjákulẹ̀ náà sì ní iye tirẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe tulasi fún àwọn adájọ́ wa, ṣùgbọ́n ó máa ń wúwo létí wọn, ibẹ̀ náà la ti jogún ọ̀pọ̀ nínú òfin àdéhùn tí à ń lò.

Mo rí ojú àwọn kan tó ti ń yí padà. Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìpolówó ló ń di ìlérí. Ẹni tó ń ké "Lángbé jinná o, ọ̀rọ̀kú orí ebè," kò sẹ́ni tó lè torí ẹ̀ gbé e lọ sí kóòtù. Tí ẹ bá kọ ọ́ sára pátákó pé ilé ìtura yín ló dùn jù ní gbogbo Ọ̀ṣun, ẹnu ọlọ́jà nìyẹn. Ṣùgbọ́n "iná wákàtí 24" kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà. Ó ní òǹkà nínú. "Odò ìwẹ̀ wà" kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà. Mo ti rí odò ìwẹ̀ kan tó jẹ́ pé aláǹgbá ló ń sáré nísàlẹ̀ rẹ̀, fọ́tò omi aláwọ̀ búlúù ṣì wà lórí WhatsApp wọn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ẹ mọ̀ ọ́n: a kò ní dáhùn fún ẹrù tó bá sọnù. Lọ́dún 1949, ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyáàfin Olley àti ọkọ rẹ̀ sanwó ní káńtà, wọ́n gòkè lọ sí yàrá, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá ìwé náà lára ògiri. Lọ́jọ́ kan obìnrin náà jáde, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára pátákó ní káńtà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Olè kan mú un, ó ṣílẹ̀kùn, ó kó ẹ̀wù onírun ìyáàfin náà lọ pẹ̀lú ohun ọ̀ṣọ́. Onílé ní, ẹ ò ka ara ògiri ni? Ilé ẹjọ́ ní ó ti pẹ́ jù. Káńtà ni àdéhùn ti parí, ìwé inú yàrá kò lè sáré padà wá sísàlẹ̀ kó wọ inú rẹ̀.

Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Rìsíìtì tí ẹ ń tẹ̀ ní sítáǹbù "kò sí owó dídá padà," ìgbà wo ni oníbàárà ń rí i? Lẹ́yìn tó ti sanwó tán! Ẹ gbé e wá síwájú. Ẹ sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí nọ́ńbà àkáǹtì wà nínú rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp lè di ẹ̀rí ní kóòtù lábẹ́ ìpín 84 òfin ẹ̀rí ọdún 2011, tí ẹ bá tẹ̀lé ìlànà tó wà níbẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́.

Nígbà mìíràn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ jáde ló gbé àdéhùn ró. Wọ́n fẹ́ fi Edward Keje jọba ní London nínú oṣù Kẹfà ọdún 1902. Ọ̀gbẹ́ni Henry háyà yàrá Krell tó kọjú sí ọ̀nà tí ọba máa gbà, fún ọjọ́ méjì, ní pọ́n-ùn 75. Ó san 25 sílẹ̀. Àìsàn dá ọba dúró, wọ́n sún ayẹyẹ síwájú. Krell ní kó san èyí tó kù. Ilé ẹjọ́ ní kò pọn dandan kó san án: ìwé àdéhùn kò dárúkọ ọba, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì mọ̀ pé torí ọba ni. Ẹ wá wò ó o. Ọkùnrin kan tún háyà ọkọ̀ ojú omi lásìkò kan náà, kó fi kó èèyàn lọ wo bí ọba ṣe máa yẹ àwọn ọkọ̀ ogun wò, kó sì gbé wọn yí àwọn ọkọ̀ náà ká. Ọba ò wá. Ilé ẹjọ́ ní kí òun sanwó rẹ̀, torí àwọn ọkọ̀ ogun ṣì wà lójú omi, ó ṣeé yí ká.

Ẹ gbé e wá sí Ifẹ̀. Ẹni tó háyà bákónì yín fún ọjọ́ kan ṣoṣo, láti fi wo Ọọ̀ni bí wọ́n ṣe ń lọ sí Òkè Mògún pẹ̀lú Adé Àrè, ọ̀rọ̀ Krell ni tirẹ̀ tí ọjọ́ bá yẹ̀. Ẹni tó sanwó ọjọ́ mẹ́rin, tí mùsíọ́mù Ẹnuwá, ọgbà yunifásítì àti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà nínú rẹ̀, ti ọkọ̀ ojú omi ni tirẹ̀. Èmi gbà pé ìdájọ́ kejì yẹn le díẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe wà nìyẹn.

Nígbà tí a dé orí ìbéèrè, awakọ̀ kan dìde. Ó ti gba owó ẹgbẹ́ kan láti gbé wọn lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, epo wá fò sókè kí ọjọ́ tó pé. Ṣé kò lè ní àdéhùn ti bàjẹ́? Mo ní rárá, ọ̀gá mi. Pé nǹkan wọ́n sí i kò sọ pé kò ṣeé ṣe mọ́. Ohun tí ẹ kò bá sọ nípa epo kí ẹ tó gbowó, ẹ̀yin lẹ máa rù ú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yìn òun ti bó.

Ìyá kan tó ní ilé ìtura ló béèrè èyí tó ká mi lára jù. Ó ní, "Lọ́yà, ẹ ń gbèjà oníbàárà. Àwọn tó ń búùkì yàrá mẹ́wàá, tí wọn ò ní yọjú ńkọ́?" Òótọ́ ló sọ. Òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 dá sí i ní ìpín 120. Oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ohun tó ti búùkì, onílé náà sì ní ẹ̀tọ́ láti yọ owó tó bójú mu. Bóyá ó bójú mu, wọ́n á wo bó ṣe tètè sọ tó, wọ́n á sì wo bóyá ẹ ṣì ráyè wá ẹlòmíràn. Ẹni tó sọ ọ́ nígbà tó ku oṣù kan, tí ẹ wá jẹ gbogbo owó rẹ̀, ẹ̀bi yín ni. Ẹni tí kò sọ títí ilẹ̀ fi ṣú lálẹ́ Ọlọ́jọ́, ẹnu yín gbà á.

Ìyá náà yọ ìwé rìsíìtì rẹ̀ nínú báàgì, onípépà kábọ́ọ̀nù, sítáǹbù pupa ti gba gbogbo ìsàlẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan. A jọ jókòó lẹ́yìn tí àwọn tó kù ti lọ gba ohun ìpanu, a kọ òmíràn: "Tí ẹ bá fagi lé e kó tó ku ọjọ́ 7, a ó dá gbogbo owó yín padà. Tó bá ti wọ ọjọ́ 7, a ó yọ owó òru kan. Tí ẹ kò bá sọ rárá, a ó yọ owó òru méjì." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó ti gùn jù fún sítáǹbù. Mo ní kì í ṣe sítáǹbù ló wà fún. Ó mú fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sókè nọ́ńbà àkáǹtì tó máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà, ó sì ní kí n bá òun fi àmì ohùn sí i dáadáa.