Àkìtàn Uruk: Ibi tí Ìlú Ńlá àti Ìwé Kíkọ ti Ṣẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè tí ẹ tìtorí rẹ̀ pè mí ni pé níbo ni ọ̀làjú ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láyé. Kì í ṣe ojú kan ṣoṣo. Etí odò Náílì wà níbẹ̀, etí odò Indus wà níbẹ̀, ilẹ̀ Ṣáínà wà níbẹ̀, Caral ní Peru náà wà níbẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn ò sì gbọ́ orúkọ ara wọn rí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìlú ńlá àti ìwé kíkọ lẹ ń bèèrè, ọ̀dọ̀ àwọn ará Sumer ni màá mú yín lọ, sí Uruk ní gúúsù Ìráàkì. Ẹni tó bá ti ka Jẹ́nẹ́sísì orí 10 ti bá ìlú náà pàdé: òun ni Bíbélì wa pè ní Ereki.

Ilẹ̀ náà ò ní nǹkan kan tó dà bí ọrọ̀. Òkúta ṣọ̀wọ́n, igi gẹdú ò sí, bàbà ò sí, òjò ò tó gbin ọkà. Amọ̀, omi odò Yúfírétì àti koríko etí omi ni wọ́n ní. Wọ́n la omi wọ oko, bálì sì so ju ohun tí ìdílé kan lè jẹ tán. Nígbà tí oúnjẹ wá kún àká tẹ́ńpìlì, tí òṣìṣẹ́ ń dúró gba ìpín, ta ni yóò máa rántí iye tí kálukú gbà?

Ẹ rántí àrokò àwọn baba wa: owó ẹyọ mẹ́fà, ọkàn mi fà sí ọ nìyẹn. Àwọn ará ìhà ibẹ̀ náà ti ń mọ ìṣù amọ̀ kéékèèké, èyí rógódó, èyí ṣóńṣó, láti fi ka àgùntàn àti ọkà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní nǹkan bí 3300 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi gègé ya àmì sára wàláà amọ̀.

Àwọn awalẹ̀pìtàn ará Jámánì tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Uruk lọ́dún 1928 hú wọn jáde láàárín àkìtàn àtijọ́, ní àgbègbè tẹ́ńpìlì Eanna. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa wọn, oríkì ọba ni mo retí. Ìṣírò ni mo bá: bálì, ọtí, àgùntàn, aṣọ. Ìwọ̀nba tó kù, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé ló wà fún. Orúkọ oyè àti iṣẹ́ ni wọ́n tò sí i. Ẹ wo àmì tó dúró fún "jẹun": orí èèyàn, abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. A ti rí irú abọ́ náà gan-an nínú ilẹ̀, amọ̀ tí wọ́n fi ìkánjú mọ, ó pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ni wọ́n fi ń bu ìpín òṣìṣẹ́.

Wàláà kan láti ayé ìgbà náà ka báyìí: ìwọ̀n bálì 29,086, oṣù 37, Kushim. Bóyá orúkọ èèyàn ni, bóyá ti oyè ni, àríyànjiyàn rẹ̀ ò tíì tán. Bó bá jẹ́ ti èèyàn, a jẹ́ pé ọ̀kan lára àwọn tí orúkọ wọn kọ́kọ́ wọ inú ìwé láyé, bálì tí wọ́n fi ń pọn ọtí ló ń ṣọ́.