Fíìmù Kan Ní Lọ́ńdọ̀nù, Iṣẹ́ Ayé Satyajit Ray

Wọ́n jí kẹ̀kẹ́ ọkùnrin kan gbé ní Róòmù. Kẹ̀kẹ́ yìí ló fi ń lẹ pósítà kiri ìgboro. Tí kò bá ti sí kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Òun àti ọmọ rẹ̀ wá a títí, wọn ò rí i. Ìtàn inú Bicycle Thieves kò ju báyìí lọ, fíìmù tí Vittorio De Sica gbé jáde ní Ítálì ní 1948.

Ní 1950, Satyajit Ray wò ó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Íńdíà ni, iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà tó ń bá yàwòrán ní Kòlkátà ló rán an lọ síbẹ̀. Kó tó jáde ní sinimá, ó ti pinnu pé òun náà á ṣe fíìmù.

Kí ló rí gan-an? Ẹni tó ṣe bàbá yẹn, òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ni, kì í ṣe òṣèré. Àárín ìgboro ni wọ́n ti yà á. Tálákà kan, ọmọ kan, ohun kékeré kan tó sọnù, ó sì tó odindi fíìmù!

Àmọ́ o, ẹ má rò pé fíìmù kan bọ́ sọ́wọ́ ọ̀lẹ. Tí Ray bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ìwé kan ṣe fíìmù, á ti jókòó kọ eré rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá wá jáde, á lọ wò ó, á fi wé tiẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ eré, ẹ dán èyí wò kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni pé kó kọ́ yín.

Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e padà sílé ló ti ń to Pather Panchali, fíìmù àkọ́kọ́ rẹ̀, láti inú ìwé Bibhutibhushan Bandyopadhyay. Àwòrán ló pọ̀ jù nínú ohun tó kọ sílẹ̀, ìran kan tẹ̀ lé ìkejì.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà á ní 1952, nínú pápá koríko kan tó tanná funfun báláú. Nígbà tí wọ́n máa fi padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, màlúù ti jẹ ẹ́ tán! Àfi kí wọ́n dúró di ọdún tó tẹ̀ lé e. Owó náà tán, ó fi góòlù ìyàwó rẹ̀ dógò, kí ìjọba ìpínlẹ̀ West Bengal ní Íńdíà tó dá sí i. Fíìmù náà jáde ní 1955. Àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé fún un ní ẹ̀bùn lọ́dún kejì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo méjèèjì, Bicycle Thieves ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ṣọ́ bí ọmọdé ṣe ń wo àgbà nínú wọn. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí ohun tí Ray mú dání kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù.