Ẹrù Tí A Pín: Bí Ìgbòkun Àwọn Ará Ṣáínà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Ọkọ̀ Kékeré

Mo kí gbogbo ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí ìgbòkun kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń ta láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, èyí tí wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ là láti etí kan dé ìkejì, tí ó fi jọ ìyẹ́ àdán. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i yóò sọ pé okùn rẹ̀ pọ̀ jù, pé ọ̀pá rẹ̀ sì wúwo. Òótọ́ ni méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ìdí tí okùn àti ọ̀pá wọ̀nyí fi wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá mọ ìdí náà ni yóò lè kan ọkọ̀ tí ó yẹ ìgbòkun yìí. Ìgbòkun yìí kì í di ẹrù afẹ́fẹ́ lé ojú kan ṣoṣo. Ńṣe ni ó ń pín in.

Ẹ wo ìgbòkun onígun mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀ lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́ òde òní. Kí ó tó lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, a ní láti nà án le bí awọ ìlù, a sì ní láti fi wáyà irin di òpó rẹ̀, ìyẹn igi gíga tí a ta ìgbòkun mọ́, mú lọ́tùn-ún, lósì, níwájú àti lẹ́yìn, nítorí pé igun mẹ́ta péré ni ó ń gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú agbára afẹ́fẹ́. Bí igun kan bá já, iṣẹ́ parí. Ti Ṣáínà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí èmi yóò máa pè ní ọ̀pá ìhà, ni ó pín aṣọ rẹ̀ sí abala abala. Okùn kékeré wà ní ìdí ọ̀pá wọ̀nyí lẹ́yìn, gbogbo wọn a sì para pọ̀ di okùn ìdarí tí ó wà lọ́wọ́ atukọ̀. Abala kọ̀ọ̀kan ló ń ru ìwọ̀n tirẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn atukọ̀ ìgbà àtijọ́ fi lè fi ẹní tí wọ́n fi oparun hun ṣe ìgbòkun, tí àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn sì fi aṣọ òwú tí wọ́n rẹ sínú aró èèpo igi ṣe é. Bí aṣọ bá ya ní abala kan, yíya náà á dúró níbi ọ̀pá ìhà tí ó bá kàn, ọkọ̀ á sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Ìrònú kan náà wà nínú ara ọkọ̀ wọn. Ní ọdún 1974, wọ́n hú ọkọ̀ òkun kan jáde nínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá Quanzhou, ìlú etíkun kan ní Ṣáínà, èyí tí ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1270 sí 1280. Ògiri pákó méjìlá ni ó gé inú rẹ̀ sí yàrá mẹ́tàlá. Bí àpáta bá lu ibì kan, omi tí ó bá wọlé kò ní lè tètè gba inú ọkọ̀ láti iwájú dé ìdí. Ẹni tí ó bá ń kan ọkọ̀ kékeré lónìí kò gbọdọ̀ fojú kéré ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ògiri inú ọkọ̀ wúlò fún òpó náà, bí a ó ti rí i láìpẹ́.

Nínú àwọn àjèjì tí ó kọ́kọ́ lo ìmọ̀ yìí, atukọ̀ kan tí ń jẹ́ Joshua Slocum wà níwájú. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ ní etíkun Bràsíl, òun àti ẹbí rẹ̀ kan ọkọ̀ mìíràn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 35, wọ́n ta ìgbòkun irú ti Ṣáínà lé e, wọ́n sì tù ú dé Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ ọ́ sómi ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888, ọjọ́ tí òfin fòpin sí ìsìnrú ní Bràsíl, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Liberdade, èyí tí í ṣe òmìnira. N kò lè dárúkọ ọkọ̀ yìí kí n má sọ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a jẹ ní gbèsè jù ni Blondie Hasler, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kó àwọn ọmọ ogun nínú ọkọ̀ àjẹ̀ kéékèèké wọ èbúté Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kejìlá ọdún 1942. Lẹ́yìn ogun, ó ń wá ìgbòkun tí ẹnì kan lè ta, tí ó lè dín kù, tí ó sì lè ká láìjáde síta nínú ìjì. Ó dán oríṣi mìíràn wò lórí Jester, ọkọ̀ rẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25, kí ó tó fi ti Ṣáínà rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1960, nígbà tí ìdíje àkọ́kọ́ fún àwọn atukọ̀ àdánìkanwà wáyé láti Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí New York, ọjọ́ 48 ni ó fi dé, ipò kejì ni ó sì mú. Gbogbo okùn rẹ̀ ni ó darí wá sí ẹnu ihò róbótó kan lórí ọkọ̀, níbi tí ó ti ń dúró pẹ̀lú orí àti èjìká nìkan lóde.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ kíkan ọkọ̀. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro: plywood (pákó tí a lẹ̀ pọ̀ ní ìpele ìpele) àti epoxy (àtè líle) tó fún ọkọ̀ kékeré, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì lè fi ayùn tọ ìlà lè kàn án. Òpó ni ó gba sùúrù. A sọ pé ìgbòkun yìí ń pín ẹrù, òótọ́ sì ni. Àmọ́ nígbà tí kò sí wáyà kankan tí ó di òpó mú, gbogbo ohun tí àwọn abala pín fún ara wọn lókè yóò tún pàdé níbì kan ṣoṣo nísàlẹ̀, ìyẹn ẹnu ihò tí òpó gbà kọjá ní dẹ́ẹ̀kì, pákó tí ó bo orí ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti òpó pẹ̀lú agbára 100 kílò ní mítà 4 lókè dẹ́ẹ̀kì, tí ìdí òpó sì jìnnà sí dẹ́ẹ̀kì ní mítà 1 péré, ìdí yẹn yóò ru 400 kílò, ẹnu ihò yóò sì ru 500. Bí a bá ri òpó kan náà mọ́lẹ̀ dé mítà 2, ìdí yóò ru 200, ẹnu ihò yóò ru 300. Nítorí náà, òpó tí ó wọlé jìn sàn ju òpó tí ó nípọn lọ, ó sì dára kí ihò náà wà nítòsí ògiri inú ọkọ̀, kí ògiri lè gba ẹrù náà dé ìhà ọkọ̀ méjèèjì.

Mo kọ́ èyí lára ọkọ̀ mi àkọ́kọ́. Mo fi èèkàn igi ẹlẹ́nu tínrín há ààrin òpó àti ihò yí ká, mo sì rò pé ó ti le tó. Ní ọjọ́ kẹta lórí omi, mo gbọ́ ohùn kan tí ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò ní epo, ní gbogbo ìgbà tí ìgbì bá gbé wa. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ wò ó, èèkàn méjì ti rọ̀, ìlà kan tí kò nípọn ju irun orí lọ sì ti là nínú dẹ́ẹ̀kì láti igun ihò náà. Àtúnṣe rẹ̀ gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì: mo lẹ plywood ìlọ́po mẹ́ta mọ́ abẹ́ dẹ́ẹ̀kì, mo sì gé ihò náà ní róbótó, láìní igun kankan.

Ní ti aṣọ, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí á gé e pẹrẹsẹ. Oparun tí àwọn ará Ṣáínà ń lò máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, èyí sì ń fún ìgbòkun ní ikùn, ìyẹn ni pé ó ń yọ síta díẹ̀ láàárín. Nígbà tí àwọn àjèjì fi irin aluminium tí kì í tẹ̀ rọ́pò oparun, ikùn náà pòórá, ọkọ̀ wọn kò sì lè súnmọ́ ojú afẹ́fẹ́ dáadáa mọ́. Láti ibẹ̀ ni ìgbòkun yìí ti gba orúkọ burúkú tí kò tọ́ sí i. Ọ̀nà àbáyọ tí àwọn aránṣọ rí ni pé kí wọ́n rán ikùn sínú abala kọ̀ọ̀kan, kí jíjìn rẹ̀ wà láàárín ìdá mẹ́fà sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìbú aṣọ. Bí ìbú bá jẹ́ mítà 4, ìdá mẹ́jọ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 32. Ní tèmi, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi tún gbọ́dọ̀ rán èyí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, àyàfi bí kò bá bìkítà nípa ìrìn sí ojú afẹ́fẹ́.

Nítorí ìwúwo ọ̀pá, okùn ìfàsókè gbọ́dọ̀ gba inú púlì ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbòkun tí ó wúwo tó 30 kílò yóò wá dà bí 10 lọ́wọ́ wa, yàtọ̀ sí ìfarakanra inú púlì, ṣùgbọ́n a óò fa mítà 18 kí ó tó gòkè mítà 6. Ìwúwo yìí kan náà ni ó ń sanwó padà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le. A óò kọ́kọ́ dẹ okùn ìdarí, kí ìgbòkun lè máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá. A óò tú okùn ìfàsókè sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pá orí, èyí tí ó wà lókè pátápátá, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, abala kan yóò ká lé òmíràn bí abẹ̀bẹ̀ tí a pa dé, sínú àwọn okùn tí ó nà lábẹ́ rẹ̀ bí ọwọ́ tí ó ń gba ọmọ. Lẹ́yìn náà, a óò fa ọ̀pá orí padà mọ́ òpó, a óò sì fa okùn ìdarí wálé. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ní ojú omi, bí a bá fẹ́ yí imú ọkọ̀ gba ojú afẹ́fẹ́, ìtọ́kọ̀ nìkan ni a óò tì. Ìgbòkun yóò ṣe ìyókù. Bí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn, apá kékeré tí ó yọ síwájú òpó yóò máa dín agbára ìgbòkun kù nígbà tí ó bá ń ré kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Bí ìjì bá sì bá wa lójijì nígbà tí a ń lọ bẹ́ẹ̀, a lè tú okùn ìdarí pátápátá kí ìgbòkun yí lọ síwájú, nítorí kò sí wáyà tí yóò dí i lọ́nà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ta ìdajì ìgbòkun péré, kí ẹ sì yan ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ rọ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, kí ẹ kúnlẹ̀ sídìí òpó, kí ẹ fi ọwọ́ kan èèkàn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ́tí sí i.