Níbi Tí Àwọn Ẹlẹ́rìí Ogun Alexander Ti Takora

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ti mọ Alexander ọba Makedóníà, tó jagun títí dé Índíà, tó kú sí Bábílónì lọ́dún 323 ṣáájú ìbí Jésù láì tíì pé ọmọ ọdún 33. Ìwé tí wọ́n kọ nípa ogun rẹ̀ ni mo bá wá.

Nínú ìwé àwọn tó bá a lọ sójú ogun, kò sí ọ̀kan tó kù lódindi. Arrian, òpìtàn Gíríìkì kan, lọ̀pọ̀ èèyàn gbára lé, bẹ́ẹ̀ ó lé ní irinwó ọdún lẹ́yìn ikú ọba yìí kí Arrian tó kọ tiẹ̀. Ó ní Ptolemy àti Aristobulus lòun tẹ̀ lé, torí pé àwọn méjèèjì bá Alexander rìn. Ó tún ní Ptolemy di ọba nígbà tó yá, irọ́ pípa á sì ti ọba lójú ju ẹlòmíì lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí. Ptolemy yìí kan náà ló gba òkú Alexander mọ́ àwọn tó ń gbé e lọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, tó gbé e lọ sí Íjíbítì, tó sì jọba níbẹ̀. Orúkọ òkú yẹn wà lára ohun tó gbé ìtẹ́ rẹ̀ ró! Ìbéèrè tí mo máa ń bi ẹlẹ́rìí kò ju ẹyọ kan lọ: èrè wo lò ń jẹ níbẹ̀? Àwọn ojúgbà mi kan ní Arrian ti bá wa yẹ ọ̀rọ̀ wò, pé ká fi àwọn yòókù sílẹ̀. Mi ò gbà fún wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ wo ìrìn àjò aṣálẹ̀ tí Alexander rìn lọ sí Siwa, ní Íjíbítì. Atẹ́gùn ti gbá iyanrìn bo ọ̀nà, àwọn ọmọ ogun ò mọ ibi tí wọ́n máa gbà. Aristobulus ní ẹyẹ ìwò méjì ló fò ṣáájú wọn. Ptolemy ní rárá, ejò méjì ni, wọ́n ń fọhùn bí wọ́n ṣe ń lọ. Ọba tí Arrian ní kò ní purọ́ nìyẹn o! Àmọ́ Arrian ò fi èyíkéyìí pamọ́ fún wa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Callisthenes ńkọ́, ìbátan Aristotle onímọ̀ ọgbọ́n orí, tó ń kọ ìtàn ogun náà bí wọ́n ṣe ń jà á? Wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án. Ptolemy ní wọ́n dá a lóró, wọ́n so ó kọ́. Aristobulus ní wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, wọ́n ń wọ́ ọ káàkiri, àìsàn ló pa á. Àwọn méjèèjì wà láàfin kan náà.

Ibì kan wà tí mo ti gba Ptolemy gbọ́ pátápátá. Nígbà tí ọfà wọ Alexander láyà nílùú àwọn Malli ní Índíà, àwọn òpìtàn kan kọ ọ́ pé Ptolemy ló fi asà bò ó. Ptolemy fúnra rẹ̀ ní òun ò sí níbẹ̀, ibòmíì lòun ti ń jà. Ó gbé ògo jù sílẹ̀.

Àkókò ti ń lọ, mo máa fo ogun Tírè. Ti Gaugamela, níbi tí Alexander ti ṣẹ́gun Darius ọba Páṣíà lọ́dún 331 ṣáájú ìbí Jésù: Arrian ní ọmọ ogun ẹsẹ̀ Páṣíà tó 1,000,000, Curtius, òpìtàn ará Róòmù, ní 200,000. Ẹ fi wọ́n wéra.

Ibẹ̀ ni ìyá kan ti nawọ́ sókè: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yìn aṣẹ́gun ni gbogbo àwọn tí ẹ dárúkọ wà. Àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun wọn ò sọ nǹkan kan ni?”

Ẹ ṣeun, ìyá mi. Wọ́n sọ ọ́. Àwọn awòràwọ̀ Bábílónì máa ń kọ ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀run sára wàláà amọ̀, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta ọkà bálì àti bí odò ṣe kún sí. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ ọdún 331: òṣùpá ṣókùnkùn, ẹ̀rù ba àgọ́ ọba, ogun bẹ̀rẹ̀. Arrian ní Darius ló kọ́kọ́ sá. Amọ̀ yẹn ní àwọn ọmọ ogun ló fi ọba wọn sílẹ̀. Lórí ikú Alexander, ohun tí wọ́n kọ ò ju pé ọba kú, ìkùukùu sì wà lójú ọ̀run.

Mo ti ká ìwé tí mo mú wá. Tá a bá tún pàdé, orí wàláà amọ̀ yẹn la ti máa bẹ̀rẹ̀.